Wọ́n ní ẹni tó ń ṣarán ò lè gbádùn àwòrán mọ́, irọ́ ni

Tí àlejò bá yà sílé wa níbí ní Kubwa, Abuja, láàárọ̀ Sátidé, ó ṣeé ṣe kó bá èmi àti Màmá, ìyá mi tó ń ṣarán, níwájú tẹlifíṣọ̀n, àwòrán kan ṣoṣo á wà lójú ẹ̀ tí kò mira, àbúrò mi obìnrin á wà lórí fóònù láti Kaduna tó ń bá wa dá sí i, kò sí ariwo, a kàn ń wò ó ni. Àlejò á wo Màmá, á wò mí, á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n ń wò ṣá?" Àwọn míì á ní kí n yéé fi dátà ṣòfò, ṣebí kó tó dọ̀sán wọ́n á ti gbàgbé. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ sọ ọ́ lójú Màmá fúnra wọn pé "ẹ má da ara yín láàmú jàre, wọn ò mọ nǹkan kan mọ́, ẹ ṣáà ti máa fún wọn lóúnjẹ kẹ́ ẹ sì máa wẹ̀ fún wọn." Màmá gbọ́ ọ. Mo rí bí ojú wọn ṣe yí padà, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Mi ò lè bá gbogbo wọn jà torí èmi náà gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ fún bí ọdún kan, mo rò pé tí iyè bá ti ra, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Apá kan nínú ẹ̀ jóòótọ́ o. Màmá máa gbàgbé àwòrán náà, nígbà míì ká tó pa tẹlifíṣọ̀n pàápàá. Ibi tó ti wá di irọ́ ni kéèyàn sọ pé torí wọ́n máa gbàgbé, wọn ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí arán jẹ́, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì tó ń kà á báyìí ṣì ń rò pé ayé ló ṣe é fún ìyá òun, tàbí pé ogbó lásán ni. Àìsàn tó ń jẹ ọpọlọ ni, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àjẹ́. Oríṣiríṣi ló wà, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Alzheimer's, orúkọ dókítà ará Jámánì kan ni, Alois Alzheimer, òun ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1906. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní àwọn tó ní arán láyé ti lé ní mílíọ̀nù 55. Àwọn tó ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, ẹ gbọ́: àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà fún ọdún púpọ̀, àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis lọ́hùn-ún, èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 ni pé lọ́dọọdún, nínú 100 àgbàlagbà, 1.35 ló ń bẹ̀rẹ̀ arán n'Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Tiwa ò tó ìdajì tiwọn, inú mi dùn sí ìyẹn, àmọ́ ó wà láàárín wa, ó wà nílé tèmi.

Alzheimer's kì í jẹ gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ ni wọ́n ń pè ní hippocampus, ibẹ̀ ni nǹkan tuntun máa ń gbà kọjá kó tó dúró síni nínú. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi lè jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, kí wọ́n nu ẹnu, kí wọ́n wá ní ebi ń pa àwọn láti àná. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ láti kékeré, ohun tó ń múnú dùn àti ohun tó ń dẹ́rù bani, bí nǹkan ṣe ń wuni ní wíwò, àwọn yẹn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Ohun tó yí èmi lọ́kàn padà nìyí. Ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn 17 tó ní Alzheimer's jọ àti 17 míì tí ara wọn dá, wọ́n fi fíìmù tó ń bani nínú jẹ́ hàn wọ́n, wọ́n tún fi èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín hàn wọ́n. Kò pẹ́ rárá táwọn tó ní Alzheimer's fi gbàgbé ohun tí wọ́n wò, àmọ́ ìbànújẹ́ ẹ̀ àti ìdùnnú ẹ̀ ṣì wà lára wọn fún bí ìṣẹ́jú 30. Kódà àwọn tó gbàgbé fíìmù ìbànújẹ́ yẹn jù, àwọn gan-an ni ìbànújẹ́ ẹ̀ pẹ́ lára wọn jù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2014. Ìgbà tí mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo rántí gbogbo àárọ̀ tí mo ti jágbe mọ́ Màmá nítorí bàtà tí wọn ò fẹ́ wọ̀, tí mo wá ń sọ fún ara mi pé ṣebí wọ́n máa gbàgbé.

Àwọn mùsíọ́ọ̀mù ti ń lo èyí tipẹ́. MoMA ní New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2006, ẹni tó ní arán àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ á jọ wá, wọ́n á jókòó síwájú àwòrán mélòó kan, ẹnì kan á máa bi wọ́n léèrè, wọ́n á máa fèsì bó bá ṣe wá sí wọn lẹ́nu. Àwọn ará New York University yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ara máa ń tu àwọn méjèèjì, aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Nígbà Kòrónà lọ́dún 2020 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, irú ètò báyìí bọ́ sórí Zoom níbi púpọ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tí kò lè jáde nílé mọ́ náà lè wà níbẹ̀. Ìyẹn ló bá tiwa mu. Láti Kubwa dé Berger, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan tó láti da Màmá lọ́kàn rú, wọ́n á máa bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó dá àwọn padà sílé bàbá àwọn n'Íléṣà. Lórí àga tiwọn, pẹ̀lú ìborùn tiwọn léjìká, ọkàn wọn balẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe é lódì. Álíbọ́ọ̀mù ẹbí ni mo kó jáde, mò ń nawọ́ sí i, "Màmá, ta nìyí? Ṣé ẹ rántí ọjọ́ yìí? Bọ̀dá Ìbàdàn ńkọ́?" Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìdánwò ni mo gbé síwájú ìyá mi, mo sì rí i tí wọ́n ń féèlì níṣojú ọmọ wọn. Ibi tí àwòrán ọnà ti dáa ju fọ́tò ẹbí lọ fún irú wọn nìyẹn: kò sẹ́ni tó mọ ìdáhùn ẹ̀. Èmi náà ò tíì rí i rí. Ohun tí wọ́n bá sọ, ó wọlé.

Ẹ wo ti ọjọ́ kan. J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Edo ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ́dún 1968, funfun òun dúdú, ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, ó sì ya bíi 1000 kó tó kú lọ́dún 2014. Mo wá ọ̀kan sórí tẹlifíṣọ̀n, onílé gogoro, irun olówùú tó nà sókè bí òpó. Màmá ti ṣe onídìrí n'Íléṣà nígbà èwe wọn àmọ́ mi ò sọ ìyẹn, mo kàn ní "Màmá, kí lẹ rí?" Wọn ò dáhùn. Ó pẹ́ débi pé àbúrò mi lórí fóònù rò pé láìnì ti já. Mo wá rí àtàǹpàkò wọn àti ìka ìfábẹ̀lá wọn lórí itan, wọ́n ń yí i, wọ́n ń yí i, bíi pé wọ́n ń fa nǹkan le. Wọ́n wá ní, "Òwú yẹn ò le." Àbúrò mi ní "Màmá, kí ló máa wá ṣe báyìí?" Wọ́n ní "Kó tú u. Kó tún un kó." Ẹ ẹ rí i pé wọn ò ní kó tún un dì, torí irun olówùú, kíkó la máa ń kó o, èmi gan-an ti ń pe gbogbo ẹ̀ ní dídì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí o. Wọn ò mọ̀ mí, àmọ́ wọ́n mọ òwú tí kò le. Ìgbà tó di ọ̀sán wọ́n ti gbàgbé irun àti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ àmàlà láìsí ìjà, wọ́n ń kùn orin lábẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ míì wọ́n á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó sì pa tẹlifíṣọ̀n, a ò ní fipá mú wọn. Àwòrán wíwò kì í sì í wo arán sàn, mi ò ní purọ́ fún yín, oògùn tó ń wò ó tán pátápátá ò tíì sí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta àgbo ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta fún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, àárọ̀ ló dáa jù, lẹ́yìn oúnjẹ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara wọn kì í balẹ̀ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Àwòrán méjì tàbí mẹ́ta ti tó, bíi ogún ìṣẹ́jú. Fóònù kéré jù, ẹ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n tàbí láptọ́ọ̀pù, ẹ mú èyí tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ síra dáadáa torí arán máa ń dín bí wọ́n ṣe ń dá àwọ̀ mọ̀ kù, ẹ sì ti dáńlóòdù ẹ̀ sílẹ̀ láti alẹ́ kí NẸ́PÀ má bàa já yín kulẹ̀. Google Arts & Culture, ibi tẹ́ ẹ ti lè rí àwòrán ọnà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, dátà nìkan lẹ máa rà. Ẹni tó bá wà lórí fóònù kó má máa yára sọ̀rọ̀, kó fàyè gba ìdákẹ́jẹ́. Ẹ má bi wọ́n ní "ṣé ẹ rántí," ẹ ní "kí lẹ rí níbẹ̀?" tàbí "kí lẹ rò pé ó fẹ́ ṣe?" Tó bá sì jẹ́ irú arán tó ń jẹ́ kí wọ́n máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ má fi eégún tàbí ojú tó le hàn wọ́n, ẹ̀rù á bà wọ́n, ẹ̀rù yẹn ò sì ní tètè lọ, ẹ rántí ti Iowa yẹn.

Sátidé tó kọjá, ìkòkò Ladi Kwali la wò. Òun ni obìnrin tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn owó ogún náírà, ọmọ Gbagyi láti Kwali níbí nítòsí Abuja, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkòkò tí Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò kan, dá sílẹ̀ ní Suleja, ó sì kú lọ́dún 1984. Ó máa ń fín ẹranko sára ìkòkò, alángbá, àkekèé, ọ̀nì, ẹja. Mo fún Màmá ní ogún náírà kan lọ́wọ́ kí wọ́n rí obìnrin náà, mo wá gbé ìkòkò ẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́, Gbagyi lòun náà, ó gbé báàfù aṣọ kọjá léjìká, bí àwọn Gbagyi ṣe máa ń gbẹ́rù, ó dúró. Mo ní, "Màmá, alángbá yẹn ńkọ́, ibo lẹ rò pé ó ń lọ?"

"Ó ń lọ mumi."

Ọmọ yẹn gbé báàfù sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ní ìyá ìyá òun ní irú ìkòkò báyìí nílé. Màmá wò ó dáadáa, wọ́n bi í bóyá omi wà nínú ẹ̀.

"Ó wà, Màmá. Ó kún."