Ìgbaninímọ̀ràn fún tọkọtaya

Ìgbaninímọ̀ràn fún tọkọtaya jẹ́ ẹ̀ka kan lára iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, níbi tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ti ń jókòó pẹ̀lú ẹni méjì tó ń fẹ́ra tàbí tó ti ṣègbéyàwó, láti wo ohun tó ń da àárín wọn rú. Ó yàtọ̀ sí ìlàjà tí ẹbí tàbí aṣáájú ẹ̀sìn máa ń ṣe. Agbaninímọ̀ràn kì í dá ẹjọ́, kì í sì í sábà pàṣẹ pé kí wọ́n jọ máa gbé tàbí kí wọ́n túká.

Ohun tó ń gbé wọn wá

Àìgbọ́ra-ẹni-yé, owó, ìbálòpọ̀, ọmọ títọ́, ọ̀rọ̀ àna àti àlè yíyàn wà lára ohun tó wọ́pọ̀. Ìrora ọkàn ti ẹnì kan ṣoṣo náà máa ń wà níbẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì lè mú kí ènìyàn má fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé, wàhálà inú ilé sì lè dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì náà, débi pé ó ṣòro láti mọ èyí tó ṣáájú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ọdún mẹ́fà ni tọkọtaya máa ń fara dà á kí wọ́n tó wá ìrànlọ́wọ́. Ìwádìí tí William Doherty, olùwádìí nípa ìgbéyàwó àti ẹbí ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2021 kò bá ìyẹn mu: ìpíndọ́gba tiwọn kò tó ọdún mẹ́ta.

Ìtàn

Láàárín àwọn ọdún 1920, àwọn ibùdó ìgbaninímọ̀ràn ìgbéyàwó ti wà ní Jámánì. Ní Amẹ́ríkà, Paul Popenoe dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1930. Ìbẹ̀rẹ̀ yìí lábùkù tí kò yẹ kí a bò mọ́lẹ̀, torí Popenoe wà lára àwọn tó ń polongo pé kí ìjọba fi ipá dí irú àwọn ènìyàn kan lọ́wọ́ láti bímọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ìgbéyàwó kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938 ló yí orúkọ padà sí Relate ní 1988. Ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn oníṣẹ́ yìí ní ìwé àṣẹ ní 1963. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí ọkọ àti ìyàwó. Ó di àwọn ọdún 1960 kí jíjókòó papọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bí ìjókòó ṣe ń lọ

Ìjókòó kan lè gba àádọ́ta ìṣẹ́jú sí wákàtí kan àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ agbaninímọ̀ràn máa ń kọ́kọ́ rí àwọn méjèèjì papọ̀, kí ó tó pe ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpè ọ̀tọ̀ yìí wúlò fún ohun méjì. Èkíní ni láti béèrè bóyá ẹnì kan ń lu ẹnì kejì tàbí ó ń dẹ́rù bà á. Bí ìlukúlù tó le bá wà, tàbí tí ẹ̀rù bá ń ba ẹnì kan, wọn kì í sábà gba ìjókòó papọ̀ nímọ̀ràn, torí ọ̀rọ̀ tí ẹni náà bá sọ níbẹ̀ lè di ìyà fún un nílé. Èkejì ni àṣírí. Bí ìyàwó bá sọ níkọ̀kọ̀ pé òun ní àlè, kí ni agbaninímọ̀ràn yóò ṣe nígbà tí ọkọ bá wọlé? Àwọn kan kì í pa àṣírí kankan mọ́ láàárín àwọn méjèèjì, àwọn mìíràn ń pa á mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́.

Edward Bordin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, ṣàlàyé ní 1979 pé àjọṣe oníbàárà àti olùtọ́jú dúró lórí ohun mẹ́ta: ìfohùnṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ń lọ, lórí iṣẹ́ tí wọn yóò jọ ṣe, àti ìfọkàntán láàárín wọn. Nínú iṣẹ́ tọkọtaya, àjọṣe yìí di méjì. Ẹnì kan lè gbà pé ọ̀rọ̀ òun yé agbaninímọ̀ràn kí ẹnì kejì máa rò pé agbaninímọ̀ràn ti gbè sẹ́yìn ẹnì kìíní. Bóyá ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti le jù. Ẹni tó bá ń tọ́jú oníbàárà kan ṣoṣo lè fara balẹ̀ gbọ́ títí. Ẹni tó jókòó síwájú tọkọtaya gbọ́dọ̀ lè dá ọ̀rọ̀ dúró kí ó tó di ìjà tí wọ́n ti ń jà nílé.

Ọ̀nà ìtọ́jú

Sue Johnson àti Leslie Greenberg gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 tó wo ìmọ̀lára tó wà lábẹ́ ìjà. Ẹnì kan ń lépa ọ̀rọ̀, ẹnì kejì ń sá fún un. Bí ti ìṣáájú ṣe ń pariwo sí i ni ti èkejì ń dákẹ́ sí i. Agbaninímọ̀ràn á fi àyípoyípo yìí hàn wọ́n, kí wọ́n yé wá ẹni tó jẹ̀bi. John Gottman ní tirẹ̀ tẹnu mọ́ ìwà mẹ́rin tó ń ba àjọgbé jẹ́: bíbu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ẹni, ẹ̀gàn, wíwí àwíjàre àti kíkẹ́yìn sí ọ̀rọ̀ pátápátá. Ó ka ẹ̀gàn sí èyí tó burú jù.

Andrew Christensen àti Neil Jacobson dán ọ̀nà tiwọn, tó pa ìyípadà ìwà pọ̀ mọ́ gbígba ara ẹni bí a ṣe rí, wò pẹ̀lú ọ̀nà àtijọ́, tó dá lórí ìyípadà ìwà nìkan, láàárín tọkọtaya 134. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí ìdajì wọn ló sàn jù bí wọ́n ṣe wá lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́rin sì ti pínyà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì kò sì tó nǹkan mọ́. Ó yẹ kí a rántí pé àwọn tó ti ṣègbéyàwó tó sì gbà láti wọnú ìwádìí nìkan ni àbọ̀ yìí kàn.

Íntánẹ́ẹ̀tì

Tọkọtaya tí kò sí níbì kan náà lè rí agbaninímọ̀ràn lórí fídíò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé agbaninímọ̀ràn kò lè mọ̀ dájú ẹni tó wà nínú yàrá tí kámẹ́rà kò rí, èyí tó sọ ìbéèrè nípa ìlukúlù di ohun tó ṣòro láti béèrè.