Koríko ló bí Hocktide ìlú Hungerford, kì í ṣe ogun

Ní Hungerford, ìlú ọlọ́jà kékeré kan ní Berkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ní orúkọ tirẹ̀: Hocktide. Láago mẹ́jọ òwúrọ̀, wọ́n á fun ìwo láti òkè gbọ̀ngàn ìlú. Akéde á máa lu agogo káàkiri ìgboro, pé kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí pápá àti odò ìlú wá sí kóòtù. Ẹni tí kò bá lè wá á san pẹ́nì kan kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ má baà bọ́. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe Hocktide. Hungerford nìkan ló ṣẹ́ kù.

Bí ẹ bá bi àwọn ìwé àtijọ́ léèrè ibi tó ti ṣẹ̀, ogun ni wọ́n á dárúkọ. John Rous, òpìtàn ọ̀rúndún karùndínlógún, ní ayọ̀ ikú Harthacnut, ọba ará Denmark tó jẹ lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Àwọn mìíràn ní ìpakúpa tí Ọba Æthelred pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ará Denmark ní 1002 ni. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọjọ́ 8 oṣù Okúdù 1042 ni Harthacnut kú, ọjọ́ 13 oṣù Bélú sì ni ìpakúpa yẹn. Èwo nínú méjèèjì ló bọ́ sí ẹ̀yìn Àjíǹde?

Koríko ni mo gbà pé ó bí i. Lẹ́yìn Àjíǹde ni ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń móoru, tí ewé ń rú, tí màlúù sì ń kúrò nínú ilé tí wọ́n so ó sí nígbà òtútù. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ méjì ni ọdún àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dúró: Hocktide àti ọdún Máíkẹ́lì Mímọ́ ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ìgbà méjèèjì ni wọ́n ń san owó ilẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: gbogbo ìlú ti péjọ láti sanwó, màlúù ti ń ké láti jáde, pápá kan ṣoṣo ló wà. Ṣé wọn ò ní í jókòó sọ iye ẹran tí oníkálukú lè dà sí i, ẹni tí yóò ṣọ́ odò, àti ẹni tí yóò mú ẹni tó bá jalè ẹja? Lójú tèmi, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé lórí pápá kí akọ̀wé kankan tó fi kálámù kàn án, bóyá kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní Hocktide pàápàá.

Ẹ wo oyè tí kóòtù ọjọ́ náà ń yàn títí dòní: alábòójútó Port Down, ìyẹn pápá àjọni ìlú, aṣọ́dò, atọ́tíwò, ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìlú. Kò sí ológun kankan nínú wọn.

Wọ́n ní John of Gaunt, ọmọ Ọba Edward Kẹta, ló fún ìlú ní ẹ̀tọ́ ìpẹja. Odò Kennet ń sun láti inú òkúta ẹfun, omi rẹ̀ mọ́ gaara, ẹja trout sì fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Láyé Elizabeth Kìíní, àwọn aṣojú Duchy of Lancaster, ìyẹn ilẹ̀ tó jẹ́ ti Gaunt tẹ́lẹ̀, pe ìlú lẹ́jọ́ lórí ẹja náà. Ìwé àṣẹ ti sọnù, síbẹ̀ ará ìlú ò jọ̀wọ́ odò wọn. Lára ìwo tí wọ́n ṣe ní 1634 ni wọ́n ti fín in pé Gaunt ló fún wọn ní ẹja, àti ibi tí omi wọn ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ìwé lè jóná. Ìwo ń dún sétí gbogbo ayé.

Àwọn kan tún ń tọ́ka sí eré àtijọ́ tí ọkùnrin ti ń fi okùn de obìnrin, tí obìnrin sì ń de ọkùnrin, kí wọ́n lè gbowó ìtúsílẹ̀ fún ìjọ. Bíṣọ́ọ̀bù Worcester bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní 1450. Eré ọjọ́ náà nìyẹn, kì í ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn Tutti-men ló dùn mọ́ mi jù. Ọkùnrin méjì ni wọ́n, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi òdòdó àti rìbọ́ọ̀nù dì wà lọ́wọ́ wọn, ọsàn kan wà lórí rẹ̀. Ilé tó ní ẹ̀tọ́ lórí pápá ni wọ́n ń lọ, wọ́n á gba pẹ́nì tàbí ìfẹnukonu. Bí ìyàwó ilé bá wà lókè, wọ́n á fi àkàbà gùn dé ojú fèrèsé. Ẹnìkẹta tó ń bá wọn rìn, tó fi ìyẹ́ ẹyẹ sí fìlà, á sì pín ọsàn. Àwọn kan ní «tithing-men», olórí ìdílé mẹ́wàá láyé àtijọ́, ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n «tutty» ni àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìdì òdòdó, òdòdó náà sì ń bẹ lórí ọ̀pá fún ẹni tó lójú. Èmi bá òdòdó lọ.

Ní 1908 ni wọ́n sọ ìṣàkóso ilẹ̀ àti odò náà di ti ẹgbẹ́ aláàánú. Òfin tún ti dáàbò bo Freeman's Marsh, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà ìlú náà, nítorí ewéko àti ẹranko inú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màlúù ṣì ń jẹko ní Port Down.