Bí a ṣe ń mọ eré tí ihò wáyà nẹ́tíwọọ̀kì kọ̀ǹpútà ń sá

Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde fún ihò wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, ìbáà ṣe 100 tàbí 1000 Mb/s (mílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kì í ṣe eré íntánẹ́ẹ̀tì. Àdéhùn ni. Bí wáyà bá ti wọlé, káàdì nẹ́tíwọọ̀kì àti swíìṣì (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀) tàbí rọ́tà tó wà lódìkejì á sọ eré tí kálukú lè sá, wọn á wá mú èyí tó ga jù lára ohun tí àwọn méjèèjì jọ ní.

Lórí Linux, àṣẹ "ip link" nínú terminal ló ń sọ orúkọ ihò náà: eth0, enp3s0 tàbí irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ "sudo ethtool enp3s0", kí o wo Speed (eré), Duplex (Full ni bí ihò bá lè rán dátà kí ó sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, Half ni bí kò bá lè ṣe méjèèjì pọ̀) àti Link detected (bóyá wáyà ti so pọ̀). Bí Speed bá sọ pé "Unknown!", wáyà kò wọlé dáadáa, tàbí ohun tó wà lódìkejì kò tan. Lórí Windows, tẹ "Get-NetAdapter" sínú PowerShell, kí o wo LinkSpeed.

Bí o bá retí 1000 tó jẹ́ 100 lo rí, wáyà ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Okùn wẹ́wẹ́ 8 ló wà nínú rẹ̀, méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin. Eré 100 kò lò ju okùn 1, 2, 3 àti 6 lọ. 1000 ń lo gbogbo wọn. Nítorí náà, bí okùn 4, 5, 7 tàbí 8 bá já, ọ̀pọ̀ káàdì á kàn rọra bọ́ sí 100 ni, nẹ́tíwọọ̀kì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Nínú ethtool, bí 1000baseT/Full (eré 1000) bá wà lábẹ́ "Advertised link modes" àti "Link partner advertised link modes" (eré tí apá kọ̀ọ̀kan sọ pé òun lè sá), síbẹ̀ tí Speed ń sọ 100, pààrọ̀ wáyà náà sí irú wáyà tí wọ́n ń pè ní Cat5e, tó dára, tí kò gùn ju mítà 100 lọ.

Bí Duplex bá sọ pé Half, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti fi ọwọ́ yan eré sí apá kan. Apá kejì tó ṣì ń retí àdéhùn lè dá eré mọ̀, àmọ́ kò lè dá Duplex mọ̀, ló bá mú Half. Dátà á máa kọlu ara wọn, gbogbo nǹkan á máa wọ́. Dá apá méjèèjì padà sí àdéhùn.

Ẹni tó ń da fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lè mọ̀ láìtẹ àṣẹ kankan: báìtì kan jẹ́ bíìtì 8, torí náà 1000 Mb/s kò lè kọjá 125 MB/s (mílíọ̀nù báìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Nǹkan bí 110 dára. Bí ó bá dúró gbọn-in sí 11, ihò náà wà lórí 100.