Iná Ló Ń Se Ẹyin, Kì í Ṣe Òróró

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dín ẹyin máa ń sọ: bí òróró ò bá pọ̀, ẹyin á lẹ̀ mọ́ páànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà á títí ẹyin á fi léfòó. Ìgbàgbọ́ yìí ò tọ̀nà, òun ló sì ń sọ oúnjẹ tó dára di ẹrù fún ara.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹyin adìyẹ ńlá kan ní ọ̀rá bíi gíráàmù 5, inú pupa rẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Ẹyin méjì á jẹ́ gíráàmù 10. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún òróró jẹ́ ọ̀rá bíi gíráàmù 14. Ẹni tó bá da ṣíbí mẹ́ta sí páànù ti da ìlọ́po mẹ́rin ọ̀rá inú ẹyin méjì sí i. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ẹyin, àmọ́ èyí tó ń wọ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ẹyin tí a ti pò bá kan òróró tó ń hó, omi inú rẹ̀ á di ooru, á bú jáde, á dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára. Nígbà tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó ń tutù, àwọn ihò yẹn á fa òróró mu.

Bí ẹyin ṣe ń dì gan-an ló dùn mọ́ni jù. Purotéènì inú ẹyin tútù dà bí òwú tí a ká jọ, tí ìkọ̀ọ̀kan wà láyè tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹyin fi ń ṣàn. Iná á tú òwú náà. Bó bá ti tú, fọ́nrán kan á kọ́ mọ́ èkejì, omi á sì há sáàárín wọn. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin Búnú lágbègbè Kàbà tó ń hunṣọ máa ń tú òwú pupa lára aṣọ tó ti òkè òkun wá, wọ́n á wá fi hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àwọn olóyè. Iṣẹ́ tí iná ń ṣe lára ẹyin nìyẹn: ó ń tú u kó tó hun ún. Ahunṣọ tó bá fa òwú le jù, aṣọ rẹ̀ á gan. Ẹni tó bá rọra fà á, aṣọ rẹ̀ á rọ̀ lára.

Funfun ẹyin ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bí 62°C. Ẹyin tí a po pọ̀ á ti dì tán ní nǹkan bí 73°C. Òróró ìdín-nǹkan tó gbóná dáadáa lè kọjá 170°C. A ju ohun tí 73 tó sínú 170. Fọ́nrán á fún mọ́ra, á fún omi jáde, ẹyin á gbẹ, á sì le koko.

Ọ̀rá inú pupa ẹyin náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń wọ àárín fọ́nrán, kì í jẹ́ kí híhun náà le jù. Ẹyin ti gbé òróró tirẹ̀ wá, ọgbọ́n ńlá sì nìyẹn. Nítorí náà, kò dára ká máa da gbogbo pupa nù torí pé a fẹ́ fọn. Inú rẹ̀ náà ni fítámì A àti D wà. Ẹni tó bá fẹ́ dín ọ̀rá kù lè po odindi ẹyin kan mọ́ funfun méjì. Ọ̀rá rẹ̀ á wà ní gíráàmù 5, purotéènì á sì ju ti odindi méjì lọ díẹ̀.

Ní ti lílẹ̀, ojú páànù tó dán kò tẹ́jú bó ṣe dà lójú. Iṣẹ́ òróró ò ju pé kó bo àwọn kòtò tín-ín-tìn-ìn-tín ibẹ̀, kí ẹyin má bàa so mọ́ irin. Ṣíbí tíì kan tó. Ká kọ́kọ́ gbé páànù kaná kó gbóná díẹ̀, ká da òróró sí i, ká wá fi ìlàjì àlùbọ́sà pa á yíká.

Omi ló máa ń ba ohun tí a fi sínú ẹyin jẹ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, tòmátò àti olú, omi ni nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn. Bí a bá kó wọn sí i ní tútù, abẹ́ ẹyin á ṣomi. Ká bọ ẹ̀fọ́ ká sì fún un, ká yọ kóró tòmátò, ká yan olú nínú páànù gbígbẹ títí omi rẹ̀ á fi tán. Ẹja gbígbẹ láti etí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja ò ní wàhálà yìí. Ká ṣáà yọ eegun rẹ̀. Wàràkàṣì dùn, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rá tirẹ̀, ìwọ̀nba ni ká fi sí i. Ẹ̀wà sísè pẹ̀lú ata rodo ló dára jù lójú tèmi: ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ń yóni, àmọ́ àwọn tó ń dán an wò ò pọ̀.

Bí abẹ́ ẹyin bá ti dì tí òkè ṣì ń dán, ká kó ohun tí a fẹ́ fi sínú rẹ̀ sí apá kan, ká ṣẹ́ apá kejì bò ó, ká dé e. Ooru inú ìdérí ló máa se òkè, kò sídìí fún yíyí i. Lórí ààrò onígi, ká fa igi jáde kó ku ẹ̀yinná nìkan kí ẹyin tó kan páànù.