Àtakò àwọn onílẹ̀ sí dáàmù iná mànàmáná ní àríwá Nàìjíríà

Àtakò yìí jẹ́ ẹjọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàárín ìjọba àti àwọn tí dáàmù gba ilẹ̀ bàbá wọn létí Odò Ọya, odò Kàdúná àti odò Sókótó.

Kainji ló ṣáájú. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1964, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Èrèlé 1969. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ló kó kúrò. Bussa àtijọ́, ìlú pàtàkì nílẹ̀ àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ìbàrìbá, ti wà nísàlẹ̀ omi báyìí. Ó jọ pé àwọn Gungawa ló jìyà jù, torí orí erékùṣù láàárín odò ni wọ́n ń gbé. Bí omi bá ti fà, wọ́n á gbin àlùbọ́sà sórí ilẹ̀ tútù tó fi sílẹ̀. Ìjọba kọ́lé fún wọn lókè, ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí lókè. Òfin ilẹ̀ apá Àríwá ti 1962 sì ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba: owó ilé àti ti igi eléso ni èèyàn lè bèèrè, kì í ṣe owó ilẹ̀ gan-an.

Bakolori, ní Zamfara òde òní, ni ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn. (Bíbomirin oko ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe dáàmù yẹn jù, iná rẹ̀ kò tó nǹkan.) Àwọn àgbẹ̀ dí ọ̀nà iṣẹ́, wọ́n ń bèèrè owó oko tí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Igbe 1980, ọlọ́pàá ya wọ abúlé wọn. Ìjọba ní ènìyàn 25 ló kú. Àwọn mìíràn ní òkú ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Dáàmù Jẹ́bà dé ní 1985, ti Shiroro ní 1990. Ilẹ̀ Gwárí ni Shiroro, àwọn kan náà tí òfin 1976 gba ilẹ̀ wọn fún Àbújá. Ní 1999, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti inú àwọn dáàmù yìí gbá ọ̀pọ̀ abúlé lọ.

Ìpínlẹ̀ Niger ń pe ara rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ agbára iná, kódà ó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀. Inú àwọn ará etí dáàmù kì í dùn sí i: wọ́n ní orí àwọn ni wáyà ń gbà kọjá láì yà. Ẹ̀hónú wọn wà lára ohun tó bí HYPPADEC, àjọ tí òfin 2010 dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè dáàmù. Minna ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó tó ọdún mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.