Ìpín epo nígbà tí iná kéré: ìdí tí alùpùpù asáré fi ń ja ẹni tó gùn ún

Ẹni tó bá ti gun alùpùpù asáré òde òní la àárín ìlú kọjá yóò ti pàdé ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Ó wà ní jíà kejì, ó fẹ́ yà ní kọ̀rọ̀, ó sì ti dá ọwọ́ iná, ìyẹn ọwọ́ tí a ń yí kí alùpùpù lè sáré, padà pátápátá. Nígbà tó wá rọra yí i díẹ̀ kí ó lè máa lọ, ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà ló fò síwájú lójijì, tí ṣéènì sì dún gbà. Èyí ju ìnira lásán lọ, nítorí pé ìgbà tí alùpùpù bá dẹ̀gbẹ́ nínú kọ̀rọ̀ gan-an ni ó máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí táyà ẹ̀yìn kò fẹ́ ìjà kankan.

Ìpín epo ni ìwọ̀n epo tí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ECU, ń bù fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Kílò epo bẹntiróòlù kan nílò nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ kí àwọn méjèèjì tó lè jóná tán láìṣẹ́kù. Ẹ́ńjìnnì a máa rìn dán mọ́rán jù bẹ́ẹ̀ lọ bí epo bá pọ̀ díẹ̀ sí i, bíi kílò 13 afẹ́fẹ́ sí kílò epo kan, ṣùgbọ́n orí 14.7 yẹn ni ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín nínú sàlẹ́ńsà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ìgbà tí òfin Euro 4 ti de àwọn alùpùpù tuntun ní Yúróòpù ní ọdún 2016, tí Euro 5 sì tẹ̀lé e ní 2020, àwọn olùpèsè kò lè fi epo ṣeré níbi tí iná kéré. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kan wà nínú páìpù èéfín tó ń sọ fún ECU bóyá epo ti pọ̀ jù tàbí kò tó, ECU náà a sì máa fi kún un, a máa yọ nínú rẹ̀, léraléra. Ní Bìrìtéènì, epo E10 tó ní ẹ́tánọ́ọ̀lù tó tó ìdá 10 nínú 100 ti di epo gbogboogbò ní ilé epo láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, agbára tó wà nínú lítà kan rẹ̀ sì kéré díẹ̀ sí ti epo àtẹ̀yìnwá.

Ohun mìíràn wà tí kò kan òfin. Nígbà tí a bá dá iná padà pátápátá, ECU a máa ti ínjẹ́tọ̀, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, pa kí epo má baà ṣòfò. Lásìkò yìí ni ògiri ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí epo máa ń lẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò gbẹ. Bí a bá tún ṣí iná, epo àkọ́kọ́ yóò kọ́kọ́ rin ògiri yẹn ná kí èyí tó kù tó dé inú sílíńdà, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣe bí ẹni tó sùn kí ó tó ta jí. Ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ alùpùpù asáré, èyí tí ọwọ́ iná ń ṣí, sì fẹ̀ gan-an, nǹkan bíi mílímítà 40, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyípadà ọwọ́ tó kéré gan-an nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí fi lè sọ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé di ìlọ́po méjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sáré ra àpótí ìtúnṣe tó ń yí ìwọ̀n epo padà kí wọ́n tó wo alùpùpù fúnra rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí pé ààyè tó wà láàárín irin àti irin ló ń sọ ìjà kékeré di ńlá. Kí a fa ṣéènì dé ìwọ̀n tí ìwé olùpèsè sọ. Bí alùpùpù bá ń lo wáyà tó so ọwọ́ iná mọ́ ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, kí a ṣàtúnṣe ààyè tó wà nínú rẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ mílímítà díẹ̀ péré. Kí a yẹ rọ́bà tó so ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì wò bóyá ó ti sán, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò gba ẹnu ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ kọjá, yóò sì da ìpín epo rú.

Lẹ́yìn èyí ni mímú àwọn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin, bí ọ̀kan bá sì ṣí ju èkejì lọ pẹ̀lú ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, kò ní hàn nígbà tí iná pọ̀. Nígbà tí iná kéré ni ìyàtọ̀ bín-ín-tín yẹn máa ń di apá ńlá nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tí sílíńdà náà ń mí. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wọn ààyè fáàfù, yóò wá so géèjì tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílíńdà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, yóò sì fi síkúrúù kéékèèké mú wọn bára mu. Èyí tí olùpèsè fi ọ̀dà sàmì sí, kí ó má fọwọ́ kàn án, torí òun ni wọ́n fi ń wọn àwọn yòókù.

Bí ó bá ṣì ń jà, ọ̀rọ̀ kan ECU nìyẹn. Àpótí tí a ń so mọ́ wáyà ínjẹ́tọ̀, bíi Power Commander, lè fi epo kún un, ṣùgbọ́n bí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn bá ṣì ń bá ECU sọ̀rọ̀, ECU yóò yọ ohun tí a fi kún un kúrò díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, mo fara mọ́ ṣíṣe àtúnkọ àtẹ ìpín epo inú ECU fúnra rẹ̀, lórí ẹ̀rọ onírólà tí wọ́n ń pè ní dyno, níbi tí a ti lè rí ìpín epo gan-an, tí a sì lè dín pípa tí ínjẹ́tọ̀ ń pa kù. Lórí alùpùpù tí ECU fúnra rẹ̀ ń fi mọ́tò kékeré ṣí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́, bíi Yamaha R6 láti ọdún 2006, a tún lè yí bí ìlẹ̀kùn ṣe ń tẹ̀lé ọwọ́ padà. Ẹni tó ń gun alùpùpù rẹ̀ lójú títì ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin Clean Air Act kò gba kí a ba ohun tó ń ṣọ́ èéfín jẹ́.

Dyno nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti parí. Kí ẹni tó ni alùpùpù gùn ún padà sí kọ̀rọ̀ tó ti kọ́kọ́ jà, ní jíà kejì kan náà, kí ó dá iná padà, kí ó dúró díẹ̀, kí ó wá tún un ṣí pẹ̀lẹ́, kí ó sì tẹ́tí sí ṣéènì.