Ojú àfín pọ́n lẹ́yìn tó fi ìpara pa á: kì í ṣe iyọ̀ ló fà á

Ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, bí ojú àfín bá pọ́n tó sì ń bó, iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. "Ṣebí mo ti ní kí o yé jẹ iyọ̀!" Ọ̀rọ̀ náà ní orírun. Ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pe àfín, wọ́n ní ọmọ Ọbàtálá ni, a kì í sì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ Ọbàtálá. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà náà. Àmọ́ tí wọ́n bá fi èèwọ̀ òrìṣà ṣàlàyé àìsàn awọ, tí aláìsàn wá tìtorí ẹ̀ pa òògùn tì, ewu ti wọ̀ ọ́.

Oòrùn ló ń ba awọ àfín jẹ́. Àwọ̀ dúdú tó wà nínú awọ ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ìtànṣán oòrùn dúró. Ti àfín kò tó nǹkan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú, etí, ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ibi ṣákaṣàka kéékèèké. Ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i, torí ó máa ń ha ọwọ́ bí ewé èèpín. Díẹ̀ nínú wọn lè di jẹjẹrẹ. Àfín tó ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́ láti kékeré, tó sì ń roko lọ́sàn-án gangan láìdé akẹtẹ̀, á yọ ọ́ náà ni.

Lára òògùn tí dókítà awọ máa ń kọ fún irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ìpara fluorouracil. Wàhálà dé nìyẹn, torí ẹni tó gba ìpara ń retí kí ojú dán, èyí kò sì ní kọ́kọ́ jẹ́ kó dán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní bátabàta, kódà níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Á máa ta, á máa yún. Lẹ́yìn náà á bó, á sé èépá. Ti ẹlòmíì á di egbò tútù. Ará ilé á pariwo pé ìpara ti jó o lójú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Sẹ́ẹ̀lì (hóró kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa) tó ń pín wàràwàrà ni fluorouracil ń mú. Kì í jẹ́ kó rí DNA (ohun àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì) tuntun ṣe, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú. Èyí tí oòrùn ti bàjẹ́ máa ń pín ju bó ti yẹ lọ, òun ló ń tètè kú. Awọ tó dá ṣáká kì í fi bẹ́ẹ̀ jìyà. Ibi tó pọ́n yẹn ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, òògùn ló wá tú u fó. Jẹjẹrẹ inú ara ni Charles Heidelberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tìtorí ẹ̀ ṣe òògùn náà ní 1957. Ní 1962, àwọn dókítà ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé lórí ohun tí wọ́n rí lára àwọn tó ń gbà á: ibi tí oòrùn ti bàjẹ́ lára wọn pọ́n. Láti ibẹ̀ ló ti di ìpara.

Àwọn kan sì wà tó gbà pé bó bá ti ń ta tó ló ń ṣiṣẹ́ tó, wọ́n á wá máa fi kún un. Egbò nìkan nìyẹn ń fi kún. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n pa á, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi bọ́jú: ẹ gbé kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú tì ná. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ, ẹ má nù ún. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó pa òògùn, kó má kan ẹyinjú, ihò imú tàbí ètè, kí ẹ sì fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn náà. Aláboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ajá kò ní dé.

Bó bá ń ta, aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi tútù ń tù ú lára, Vaseline tí kò lóòórùn náà sì dára láàárín ìgbà tí ẹ bá pa òògùn. Ẹ má ṣí èépá. Ẹ má sì fi àdí, àgbo tàbí ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà pa á. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú ìyẹn. Ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ sóko, kó lọ ní kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, kó dé akẹtẹ̀, kó sì wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn.

Bó bá kọjá agbára, ẹ pe dókítà. Ó lè ní kí ẹ sinmi òògùn fún ọjọ́ díẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé òògùn kò bá yín lára mu. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá ń ṣọyún, bí ojú bá wú, bí ibà bá dé, tàbí bí ẹnu bá ń ṣe egbò pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà ní Ifẹ̀, Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Iléṣà.

Lẹ́yìn tí òògùn bá parí, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí pípọ́n náà tó rọlẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà nígbà náà, kó fọwọ́ yẹ gbogbo ojú wò. Èyí tó bá ṣì ń ha ọwọ́, tàbí egbò tó kọ̀ tí kò jiná, wọ́n máa gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni.